Hepatitis C: kí ló ń wá nínú ẹ̀dọ̀, kí ló sì ń yá lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì kó tó lè bímọ?

Nọ́ọ̀sìÌjerò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ mẹ́dọ̀wú lágbàáyé, July 28, ti ń kanlẹ̀kùn, èmi ni wọ́n sì ní kí n bá àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera abúlé sọ̀rọ̀ nípa hepatitis C ní Ìjerò. "Ẹ má fi abẹ ẹlòmíì fárí" ti sú gbogbo wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀dọ̀ ló ń wá? Tó bá wọlé tán, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Kí ló sì dé tí oògùn fi ń lé C lọ pátápátá, tí B kì í fẹ́ẹ́ lọ? Ẹ má fi èdè ìwé bò mí mọ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ má bó èèpo rẹ̀ jù náà.

LáàbùAdó

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká ti orí àfòmọ́ bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ẹni tó ní kòkó lóko ní Èkìtì tí kò mọ̀ ọ́n. Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, omi ara igi tó gùn ló ń mu. Bí kòkòrò yìí ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ẹrù tó gbé wá kò ju okùn RNA kan lọ, ìyẹn ìwé àṣẹ tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe òmíràn, tó gùn tó nǹkan bíi lẹ́tà 9,600. Sẹ́ẹ̀lì á ka okùn yẹn di purotéènì gbọọrọ kan ṣoṣo, nǹkan bíi amínò ásíìdì (bíríkì tí wọ́n fi ń mọ purotéènì) 3,000, wọ́n á wá gé e sí ọ̀nà 10: core, E1, E2, p7, NS2, NS3, NS4A, NS4B, NS5A àti NS5B. Ó tán. Kò ní ráíbósóòmù (ẹ̀rọ tó ń ka RNA di purotéènì), kò lè ṣe ọ̀rá, kò ní agbára tirẹ̀. Gbogbo ohun tó kù, yíyá ló ń yá a, kì í sì í dá a padà.

Bó ṣe ń wọlé: nínú ẹ̀jẹ̀, kì í rìn ní ìhòòhò. Ó máa ń da ọ̀rá bora, á tún fi apoE àti apoB ṣẹ̀wù, àwọn purotéènì kan náà tí ẹ̀dọ̀ fi ń di ọ̀rá ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ogun ara kì í rí ojú rẹ̀ dáadáa báyìí, ẹ̀dọ̀ tó sì máa ń gba ọ̀rá padà á rò pé ẹrù òun ló ń bọ̀. Á kọ́kọ́ rọra fara kan heparan sulfate àti LDLR, ohun ìdìmú méjì lójú awọ sẹ́ẹ̀lì. Ìdìmú yẹn kò le. Purotéènì ìlẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì ló kàn: SR-B1, lẹ́yìn náà CD81, tí wọ́n dá mọ̀ ní 1998, èyí tí E2 tó wà lójú kòkòrò máa ń dì mú gírígírí. Ibi tó wá ya èèyàn lẹ́nu ni pé kì í wọlé níbi tó ti kanlẹ̀kùn. Ó máa ń bá CD81 rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí sẹ́ẹ̀lì méjì ti fẹnu kora, torí ibẹ̀ ni claudin-1 àti occludin, ìlẹ̀kùn méjì tó kù, wà. Ọdún 2007 la mọ iṣẹ́ claudin-1 nínú ọ̀rọ̀ yìí, 2009 la mọ ti occludin. EGFR, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, ló ń rán wọn ní iṣẹ́ kí CD81 àti claudin-1 sún mọ́ra. Sẹ́ẹ̀lì á wá gbé e mì sínú àpò kékeré tí purotéènì clathrin hun. Omi inú àpò náà á kan, ẹ̀wù kòkòrò á lẹ̀ mọ́ awọ àpò, RNA á sì bọ́ sínú ilé.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀yẹ́

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. CD81 wà lára àìmọye sẹ́ẹ̀lì, pàápàá sẹ́ẹ̀lì B inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan lára ọmọ ogun ara. LDLR náà kò ṣọ̀wọ́n. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn nìkan ni, kí ló dé tí kì í gbilẹ̀ nínú kíndìnrín tàbí nínú ìfun? Ìbéèrè àkọ́kọ́ Nọ́ọ̀sì ṣì wà nílẹ̀.

LáàbùAdó

Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Ìlẹ̀kùn jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Ohun tó so ó mọ́ ẹ̀dọ̀ gan-an wà nínú ilé, orúkọ rẹ̀ ni miR-122.

RNA kékeré ni miR-122, kò ju nǹkan bíi lẹ́tà 22 lọ, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ń ṣe é bí ẹní ń ṣe gààrí: nínú gbogbo irú RNA kékeré bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ẹ̀dọ̀, òun nìkan tó nǹkan bí ìdá 70 nínú 100. Iṣẹ́ tí wọ́n dá irú wọn fún ni láti pa RNA mìíràn lẹ́nu mọ́. Èyí tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́, ìparun ló kù fún un. Hepatitis C wá yí iṣẹ́ náà po. Ibi méjì ló wà ní orí okùn rẹ̀ tí miR-122 ti lè lẹ̀ mọ́ ọn, òun pẹ̀lú Argonaute-2 tó ń gbé e kiri, dípò kí wọ́n sì pa okùn náà, wọ́n á di fìlà fún un. Ẹ rántí pé RNA ti sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ máa ń dé fìlà, àmì kan ní orí okùn tó ń dáàbò bò ó; ti kòkòrò yìí ò ní. RNA tí kò bá dé fìlà, ẹ́ńsáìmù Xrn1 á máa jẹ ẹ́ láti orí lọ sí ìdí. miR-122 ló ń dí Xrn1 lọ́nà. Ọdún 2005 ni àwárí yìí jáde.

Ẹ̀rí rẹ̀ rọrùn. Ẹ̀dọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì HepG2 ti wá, síbẹ̀ kò ní CD81, miR-122 rẹ̀ sì kéré jọjọ, kòkòrò kò sì rí nǹkan ṣe níbẹ̀. Tí wọ́n bá fún un ní méjèèjì, kòkòrò á wọlé, á bímọ, á sì jáde. Eku láàbù ńkọ́? CD81 àti occludin tirẹ̀ ni kò bá a mu. Tí wọ́n bá fi ti èèyàn sí ẹ̀dọ̀ eku, kòkòrò á wọlé, ṣùgbọ́n ọmọ ogun ara eku ṣì ń fún un lọ́rùn, torí náà kì í pọ̀ níbẹ̀ bó ṣe ń pọ̀ lára wa.

Wọ́n tilẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́ kan, miravirsen, tó ń di miR-122 lọ́wọ́. Iye kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gbà á wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ oògùn oníhóró ti gba iwájú rẹ̀ kó tó dé ọjà. Àfòmọ́ àwọn àgbà, gbogbo igi ló ń bá tan. Tiwa yìí, igi kan ló mọ̀.

DókítàÌdó

Ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbi tí RNA ti bọ́ sílẹ̀.

Orí okùn náà, nǹkan bíi lẹ́tà 341 tí ráíbósóòmù kì í kà, ká ara rẹ̀ lọ́nà kan tó fi dà bí ìwọ̀ ìpẹja. IRES ni orúkọ rẹ̀. Ráíbósóòmù tó yẹ kó kọ́kọ́ wá fìlà kó tó bẹ̀rẹ̀ kíkà, IRES á fi ìwọ̀ gbá apá kékeré rẹ̀ mú, eIF3, purotéènì onílé kan, á bá a dì í, kíkà á sì bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ara bá fura, tí sẹ́ẹ̀lì sì dẹwọ́ kíkà RNA tirẹ̀, ti kòkòrò ṣì lè máa lọ.

Purotéènì gbọọrọ tó jáde á wọnú awọ ER, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti máa ń ṣètò purotéènì rẹ̀. Ta ló wá ń gé e? Ọ̀bẹ onílé ló fi bẹ̀rẹ̀: signal peptidase ti sẹ́ẹ̀lì ló gé core, E1, E2 àti p7 sọ́tọ̀, òmíràn tó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì náà ló tún gé ìdí core kó tó gbó. Lẹ́yìn èyí ló tó yọ ọ̀bẹ tirẹ̀. NS2 á gé ara rẹ̀ kúrò lára NS3, NS3 á gbé NS4A lẹ́yìn, àwọn méjèèjì á sì gé gbogbo ìyókù.

Ẹ fi àmì sí NS3-4A yìí, Nọ́ọ̀sì, torí iṣẹ́ kejì rẹ̀ ló ṣàlàyé ohun tí ẹ ń rí ní wọ́ọ̀dù. Sẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀ṣọ́ tó ń jẹ́ RIG-I, tó máa ń dá RNA àjèjì mọ̀. Tó bá rí i, á pe MAVS tó jókòó sára mitokọ́ńdíríà (ilé agbára sẹ́ẹ̀lì), MAVS á sì tanná ran íntáfẹ́rọ̀n, agogo tó ń kìlọ̀ fún ara. Ẹ̀ṣọ́ kejì, TLR3, ń gba ọ̀dọ̀ TRIF lọ síbẹ̀. NS3-4A gé MAVS, ó tún gé TRIF. Ọ̀bẹ kan náà tó fi ń gé ẹran tirẹ̀ ló fi gé okùn agogo onílé. Ẹ̀ṣọ́ rí olè, ó fa okùn, agogo kò dún.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àìsàn yìí fi ń dákẹ́. Nínú èèyàn 100 tó kó o, bíi 30 ni ara wọn máa ń lé e lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 6. Lára àwọn tó kù, ìdá 15 sí 30 nínú 100 lè ní ẹ̀dọ̀ tó ti le tó sì ti di àpá láàárín ọdún 20. Púpọ̀ nínú wọn kì í ní ibà pọ́njú rárá níbẹ̀rẹ̀. Nǹkan mìíràn tí ẹ lè sọ fún àwọn èèyàn yín: kì í ṣe kòkòrò ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ jù, ìjà tí ọmọ ogun ara ń bá sẹ́ẹ̀lì tó ti kó o jà láìṣẹ́gun ni, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

LáàbùAdó

Dókítà ti já ibẹ̀ dáadáa. Ó ku ilé ìdáná. Tèmi ni pé ibí ló rẹwà jù nínú gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá ni.

NS4B àti NS5A máa ń fa awọ ER, wọ́n á ká a, wọ́n á fẹ́ ẹ, títí á fi di àìmọye àpò kéékèèké onígbá méjì, bíi nanomítà 150 sí 200 ní fífẹ̀. Nínú ẹ̀rọ ìwo-nǹkan-kékeré oní-ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ó rí bí àwọ̀n tí wọ́n kó ẹyin sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da RNA kọ. Àpò yìí ń kó gbogbo èròjà jọ sójú kan, ó sì ń fi RNA tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ pamọ́ fún RIG-I.

Awọ lásán kò ṣeé fi kọ́ irú àpò bẹ́ẹ̀, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. NS5A á di PI4KA mú, ẹ́ńsáìmù onílé kan tó máa ń fi àmì fọ́sífétì sára ọ̀rá. Àmì yẹn, PI4P, á pọ̀ lójú àpò. OSBP tó ń gbé ọ̀rá kiri á rí àmì náà, á gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wá, á sì fi PI4P ṣe pàṣípààrọ̀ padà. Tí wọ́n bá dí PI4KA tàbí OSBP, àpò á kéré, á ṣùjọ, RNA kò ní pọ̀. Onílé mìíràn tó tún ń ràn án lọ́wọ́ ni cyclophilin A, tó ń bá NS5A tún ara ká. Ìdí nìyẹn tí cyclosporine, oògùn àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, fi máa ń dí kòkòrò yìí lọ́wọ́ nínú abọ́ láàbù.

Òǹkọ̀wé gan-an ni NS5B. Yóò kọ okùn òdìkejì láti ara okùn tó wọlé, yóò tún fi òdìkejì yẹn ṣe àwòṣe fún okùn tuntun. Okùn tó ṣeé kà á máa fi bí ìlọ́po 10 pọ̀ ju òdìkejì lọ. Kì í ka iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú lẹ́tà 10,000 sí 100,000 tó bá kọ, yóò ṣi ọ̀kan. Okùn fúnra rẹ̀ jẹ́ 9,600. Ara ẹni tó ní i lè ṣe nǹkan bíi tírílíọ̀nù 1 kòkòrò lójúmọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: kò sí lẹ́tà kan lára okùn yẹn tí wọn kì í ti ṣì kọ lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi oògùn kan ṣoṣo lé e, ìdí sì nìyẹn tí kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Gengele iwájú E2 kan wà tó ń yí ojú padà kí ọmọ ogun ara tó mọ̀ ọ́n tán.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀yẹ́

Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè láàbù kan. Nínú iṣẹ́ replicon, tí luciferase (ẹ́ńsáìmù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ka iṣẹ́ RNA) ní wákàtí 4 bá rí bákan náà fún ojúlówó àti fún GND, ṣé iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn? Tí iye bá sì ń wálẹ̀ ní wákàtí 48 ńkọ́?

LáàbùAdó

Rárá o, kò bàjẹ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Fún àwọn tó ń kà á: replicon ni okùn kòkòrò tí wọ́n ti yọ core, E1 àti E2 kúrò, kò lè ran ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó lè da ara rẹ̀ kọ. Lohmann àti Bartenschlager ló kọ́kọ́ ṣe é ní Jámánì ní 1999, nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ láàbù tó ń jẹ́ Huh-7. GND ni èyí tí wọ́n ti ba ojú NS5B rẹ̀ jẹ́, kò lè kọ nǹkan kan.

Wákàtí 4 ń sọ iye RNA tó wọlé tí ráíbósóòmù sì ka. NS5B kò tíì ṣe nǹkan tó hàn. Torí náà ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba, òun la sì fi ń pín nọ́ńbà tó kù. Láti wákàtí 24 sí 72, ojúlówó JFH-1, ẹ̀yà kòkòrò kan tí láàbù ń lò, á gòkè, GND á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí. Tí ojúlówó náà bá ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nìyí. Bóyá RNA ti já: gbé e sórí jẹ́ẹ̀lì kí o tó lò ó, kó má rí bí ìrù. Bóyá sẹ́ẹ̀lì ti kún ojú abọ́ fọ́fọ́: Huh-7 tó bá ti dá ìdàgbà dúró kì í jẹ́ kí RNA pọ̀, ìdá 70 sí 80 ló tó. Bóyá Con1, ẹ̀yà mìíràn, tí kò ní àyípadà ìmúbára (èyí tó ń jẹ́ kó bá sẹ́ẹ̀lì abọ́ mu) lò ń lò, tó ò ń retí pé kó ṣe bíi JFH-1. Huh-7.5 sàn ju Huh-7 lọ, torí RIG-I rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, kò sí ẹ̀ṣọ́ nílé. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ni RNA 10 µg fún sẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 4, ní 270 V. Tó bá jẹ́ RT-PCR, àyẹ̀wò tó ń ka RNA fúnra rẹ̀, lo fẹ́ fi wò ó dípò luciferase, lo DNase tó ń jẹ DNA, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ DNA plasmid tí o fi ṣe RNA, tó kù sílẹ̀, ni wàá máa kà.

Tí o bá sì ń ṣe kàyéfì pé kòkòrò láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kì í hù nínú abọ́, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ti sọ SEC14L2 nù. 2015 ni wọ́n rí i pé tí wọ́n bá dá purotéènì yẹn padà, tó bá Vitamin E ṣiṣẹ́ kí ọ̀rá má baà kan, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà kòkòrò náà á hù.

Nọ́ọ̀sìÌjerò

Ẹ ṣeun gan-an. Gbogbo ìgbà lẹ ń sọ ọ̀rá, ọ̀rá. Àwọn kan ti ní kí aláìsàn pa epo pupa àti ẹyin tì, kí ebi lè pa kòkòrò. Ṣé ó tọ̀nà?

ApoògùnẸ̀fọ̀n

Kò tọ̀nà, Màmá. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí OSBP ń gbé, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ lè yọ epo kúrò nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó bá iyán lọ, kòkòrò kò ní mọ̀. Wọ́n ti rí i nínú abọ́ pé oògùn tó ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù, àwọn statin, máa ń dí i lọ́wọ́; lára èèyàn, kò tó fi lé e lọ.

Ọ̀rá tó ṣe pàtàkì ni ẹ̀kán ọ̀rá inú sẹ́ẹ̀lì, tí sẹ́ẹ̀lì ń tọ́jú bí ẹní fi epo sínú kẹ̀ǹgbẹ̀. Core máa ń bo ojú ẹ̀kán yẹn, ẹ́ńsáìmù onílé DGAT1 ló sì ń mú un débẹ̀. NS5A á gbé RNA tuntun wá láti inú àpò, core á ká RNA náà mọ́ra, E1 àti E2 á bò ó nínú ER, p7 àti NS2 á bá wọn to gbogbo rẹ̀ pọ̀. ApoE á wá wọ̀ ọ́ lẹ́wù, á sì bá ojú ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ fi ń kó ọ̀rá jáde lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ̀wù tí LáàbùAdó ní ó wọ̀ wọlé, ibí ni wọ́n ti rán an. Core tó kún ojú ẹ̀kán ọ̀rá wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rá ṣẹ́kù sínú ẹ̀dọ̀, pàápàá fún ẹ̀yà 3 kòkòrò náà.

Ohun tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ ni ògógóró, bíà àti ẹmu. Ọtí àti kòkòrò yìí jọ ń sá ẹ̀dọ̀ lọ́gbẹ́ ni. Àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ náà lè pa ẹ̀dọ̀ lára, ó sì lè yí ìwọ̀n oògùn inú ẹ̀jẹ̀ padà.

Ní ti oògùn, ìrù orúkọ ni kí ẹ wò, á sọ ibi tó ń gé fún yín. Èyí tó bá parí sí -previr ń dí ọ̀bẹ NS3-4A. Èyí tó bá parí sí -asvir ń dá NS5A dúró, àpò kò ní ṣeé kọ́ mọ́, kòkòrò tuntun kò sì ní ṣeé tò. -buvir ń dá NS5B dúró. Sofosbuvir máa ń wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní tútù, ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ ló máa sè é jinná di lẹ́tà ayédèrú. NS5B á mú un kọ, kò sì ní lè fi lẹ́tà mìíràn tẹ̀ lé e. Fún ìgbà kan, onílé ló se oúnjẹ tó pa àlejò.

Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀: sofosbuvir 400 mg pẹ̀lú velpatasvir 100 mg nínú hóró kan, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ 12, tàbí sofosbuvir 400 mg pẹ̀lú daclatasvir 60 mg. Ti hóró kan lójúmọ́ yẹn jẹ́ hóró 84, ìgò 3 oníhóró 28. Ju ìdá 95 nínú 100 ló ń sàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra sofosbuvir nìkan torí pé owó kò tó. Ìṣirò LáàbùAdó ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ lọ́wọ́ wa: rifampicin ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, carbamazepine àti phenytoin ti wárápá, wọ́n ń fa oògùn wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ débi tí kò ní ṣiṣẹ́. Omeprazole kì í jẹ́ kí velpatasvir wọ ara dáadáa, àwọn èèyàn sì ń ra omeprazole bí ẹní ń ra súìtì. Oògùn inú kíkan olómi gbọ́dọ̀ fi wákàtí 4 jìnnà sí i. Ẹni tó ń lo amiodarone fún ọkàn, ẹ má fún un ní sofosbuvir láìjẹ́ pé dókítà ọkàn mọ̀ sí i, lílù ọkàn lè lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le débi tí inú ti ń kún fún omi, kò gbọ́dọ̀ lo -previr.

DókítàÌdó

Mo fi ìdáhùn kẹta kún un. Hepatitis B máa ń wọ kókó àárín sẹ́ẹ̀lì, á fi DNA rẹ̀ síbẹ̀ bí òrùka, cccDNA, tí oògùn wa kì í dé. Oògùn B ń dá iṣẹ́ dúró, ìwé àṣẹ ṣì wà nínú àpótí. Hepatitis C kò débẹ̀ rí. Láti ìgbà tó bá ti wọlé títí tó fi máa jáde, ìta kókó náà ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, RNA rẹ̀ kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Kó máa kọ òmíràn ló fi ń wà. Tí kíkọ bá dúró ní ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, èyí tó wà nílẹ̀ á bàjẹ́ tán, kò sì sí àpótí kankan tó máa tún ti jáde.

Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ HBsAg, àmì hepatitis B inú ẹ̀jẹ̀, wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ oògùn C. Nínú ẹni tó ní méjèèjì, C sábà máa ń tẹ B mọ́lẹ̀. Tí C bá kúrò lójijì, B lè jí dìde, ó sì ti pa èèyàn rí.

Nọ́ọ̀sìÌjerò

Ẹ̀yìn yín á dára. Èyí tó kù, àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ ń mú káàdì wá tí ó ní "positive", wọ́n ti lo oògùn tán, wọ́n ń sunkún.

LáàbùAdó

Àyẹ̀wò kíákíá yẹn, antibody ló ń wá, ìyẹn ìrántí ọmọ ogun ara. Kì í kúrò lẹ́yìn ìwòsàn, kì í sì í dáàbò bo ẹni tó bá tún pàdé kòkòrò lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, antibody lè gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 11 kó tó hàn. RNA ń hàn ní ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Torí náà RNA ni ẹ máa béèrè. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò lè ṣe é, tí wọ́n bá ní kàtíríìjì rẹ̀. Ti orí ìka ń gba ẹ̀jẹ̀ 100 µl, ó sì ń gba nǹkan bíi wákàtí 1. Ti plasma, omi ẹ̀jẹ̀ tí a ti yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú rẹ̀, ń gba 1 ml.

Fún plasma, ìgò onídèrí àlùkò, EDTA, ni kí ẹ lò. Ẹ má lo èyí tó ní heparin láé, ó ń dí PCR lọ́wọ́, ẹ ó rí "kò sí" níbi tó wà. Kí ẹ ya plasma sọ́tọ̀ láàárín wákàtí 6. Nínú fìríìjì 2 sí 8 °C, kó má ju ọjọ́ 3 lọ. Bí iná kò bá dúró lọ́dọ̀ yín, ẹ kúkú gbé e sórí yìnyín nínú kúlà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Adó lọ́jọ́ kan náà, torí plasma tó dì tó tún yọ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, RNA rẹ̀ lè máa dínkù.

Nọ́ọ̀sìÌjerò

Ọjọ́ wo wá ni kí wọ́n ṣe RNA ti ìkẹyìn? Àwọn kan ń wá lọ́jọ́ tí oògùn tán.

DókítàÌdó

Ọjọ́ yẹn ti yá jù. Lábẹ́ oògùn, kòkòrò lè kéré débi tí ẹ̀rọ kò ní rí i, síbẹ̀ kó ṣẹ́kù. Ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé hóró kẹrìnlélọ́gọ́rin mì ni kí ẹ kọ sórí káàdì wọn, kí ẹ sì kọ "RNA" síwájú rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹni tó máa fa ẹ̀jẹ̀ má baà tún lọ mú àyẹ̀wò kíákíá.